Ara Ọmọ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wọ̀n

Ẹ̀yin abiyamọ ẹlẹgbẹ́ mi, ó ti di àṣà ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa láti ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú ọdún, tí àwọn ọmọ yóò wọ aṣọ ẹ̀dá inú ìwé tàbí ti inú kàtúùnù tí ó bá wù wọ́n wá sí kíláàsì. Bí ó bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì báyìí ni ìwé ìkéde yóò ti ọwọ́ olùkọ́ dé ilé, láti ọjọ́ náà ni ìyá kò sì ní í sinmi mọ́. Ọmọ kan yóò ní Elsa ni òun yóò jẹ́, èkejì yóò ní Spider-Man ni. Bàbá yóò ní òun kò rí ìdí tí a ó fi náwó lé aṣọ ọjọ́ kan ṣoṣo lórí. Ní ìkẹyìn, èjìká ìyá ni gbogbo rẹ̀ yóò já lé.

Bí ó bá jẹ́ ti ìnáwó nìkan ni, n kì bá tí gbé kálámù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú ilé ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Aṣọ rírán àti ìtọ́jú ọmọ sì wà lára ohun tí mo ń kọ́ wọn. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni pé aṣọ eré kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ohun tí a bá gbé bo orí, ojú àti àyà ọmọ nínú oòrùn ilẹ̀ wa lè dùn mọ́ ọn nínú, ó sì lè ṣe é ní jàǹbá. Nítorí náà, kí a tó wo àwòrán tí ọmọ fẹ́ fara wé, ara ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò.

Ọ̀dọ̀ ọmọ àbúrò mi obìnrin ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ náà ń gbé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ SS. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé mọ ohun tí mo ń wí. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé díẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó yẹ kí ó rí róbótó a máa tẹ̀ bí dòjé nínú ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà tí omi ara rẹ̀ bá dínkù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ̀ yìí a sì dí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ìrora ńlá a sì dé. Òùngbẹ, ooru àpọ̀jù, òtútù, àárẹ̀ àṣejù àti àìsàn bí ibà wà lára ohun tí ó máa ń fa ìrora náà. Kíndìnrín irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sì í lè ṣọ́ omi lò bí ti àwọn ẹlòmíràn. Nítorí náà a máa tọ̀ lemọ́lemọ́, ara rẹ̀ a sì tètè gbẹ.

Nígbà tí ìwé olùkọ́ dé ní oṣù kẹta, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an, àbúrò mi pè mí láti Èkó. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ó jókòó sílé lọ́jọ́ náà. Oòrùn yìí kò ní í ṣojú àánú fún un.” N kò bá a jiyàn. Òun ni ó ti sun oorun àìsùn ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ náà ní ilé ìwòsàn ju ìgbà tí mo lè kà lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti gbọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, bí a ti ń ṣa ẹ̀wà, ó béèrè lọ́wọ́ mi láìgbé ojú sókè, ó ní, “Àńtí, ṣé nítorí ẹ̀jẹ̀ mi ni n kò fi ní í lọ?” Ó ti jókòó sílé nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje eré sísá. Ó ti jókòó sílé nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ìrìn àjò ìgbafẹ́. N kò sọ pé kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà jíjìn àti eré àṣápajúdé kì í ṣe ohun tí a fi ń dán ọmọ SS wò. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ro ti ọjọ́ aṣọ yìí, mo rí i pé ayẹyẹ náà kọ́ ni ó léwu bí kò ṣe aṣọ. Aṣọ sì ni iṣẹ́ mi. Mo pe àbúrò mi padà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní bí aṣọ tí mo bá ṣe kò bá tẹ́ òun lọ́rùn, ọmọ yóò jókòó sílé.

Ọjà ni mo kọ́kọ́ lọ láti wo aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀. Èyí tí ó wu ọmọ náà jù lọ jẹ́ ti ẹranko onírun ńlá kan. Ọ̀rá oníhúùhù ni wọ́n fi rán an, ó ní orí tìmùtìmù tí ó bo ojú pátápátá, àfi ihò kéékèèké ní ẹnu. Mo ki apá mi bọ inú rẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú márùn-ún bí èmi àti ìyá olówó ti ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo yọ ọ́, apá mi ti tutù fún òógùn. Ẹ rántí pé kì í ṣe òógùn tí ó jáde ni ó ń mú ara tutù. Gbígbẹ tí òógùn náà ń gbẹ ni. Aṣọ tí kò bá jẹ́ kí òógùn gbẹ ń bọ omi ara ọmọ dànù ni, láìsí ìtura kankan tí yóò ti ibẹ̀ wá. Àwọn àgbà tí ó ń fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ ṣe jẹun ní òkè òkun pàápàá a máa bọ́ ọ lóòrèkóòrè láti sinmi àti láti mu omi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá olówó, mo sì fi aṣọ náà sílẹ̀ fún un.

Nígbà tí a délé, mo kọ ìbéèrè mẹ́rin sílẹ̀, mo sì ní kí ọmọ náà fi òǹtẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sí i. Èkíní: ṣé n ó máa mí láìsí ìdíwọ́? Èkejì: ṣé n ó máa rí iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ẹsẹ̀ ara mi? Ẹ̀kẹta: ṣé atẹ́gùn yóò rí ọ̀nà wọlé, yóò sì rí ọ̀nà jáde? Ẹ̀kẹrin: ṣé mo lè bọ́ ọ fúnra mi, kí n tó ka ení dé ẹ̀wá, bí òùngbẹ bá gbẹ mí tàbí bí ìtọ̀ bá gbọ̀n mí? A wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ẹ̀dá inú kàtúùnù wá síwájú ìbéèrè wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí a ń yan ìyàwó. Púpọ̀ nínú wọn ṣubú. Ẹni tí ó yege ni WALL-E.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wò ó, fíìmù WALL-E jáde ní 2008 láti ilé iṣẹ́ Pixar ní Amẹ́ríkà. Andrew Stanton ni ó darí rẹ̀. Ayé ti di ààtàn nínú ìtàn náà, gbogbo ènìyàn sì ti sá lọ sí ojú ọ̀run. Ẹ̀rọ kékeré kan ṣoṣo ni ó kù tí ó ń kó ìdọ̀tí sínú àyà rẹ̀, tí ó ń tẹ̀ ẹ́ di ìgàn, tí ó sì ń tò ó jọ fún ọ̀rúndún méje. Lọ́jọ́ kan ó rí ewéko tútù kékeré kan, ó sì gbìn ín sínú bàtà àtijọ́. Ara WALL-E rí bí àpótí. Orí rẹ̀ kò ju ojú ńlá méjì lọ. Nítorí náà àpótí ni a ó kọ́, ọrùn àti orí ọmọ yóò sì wà ní ìta. Ó tún dùn mọ́ mi nínú pé ẹ̀dá tí ó ń kó ìdọ̀tí ni, nítorí ohun tí àwọn ará àdúgbò ti sọ nù ni a fẹ́ẹ́ fi ṣe é.

Ti ojú ńlá méjì yẹn ni ó kọ́kọ́ kó wa ní ìrònú. Bí a bá fi bo ojú ọmọ, a ti rú òfin ara wa. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ó yọ mí. Mo mọ̀ pé obìnrin kì í wí awo; ṣùgbọ́n àwọn ìyá ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń bu ọlá fún, àjọ UNESCO sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2008, fún Benin, Nàìjíríà àti Togo. Ẹni tí ó bá ti wò ó rí mọ̀ pé orí ni wọ́n ń gbé ère onígi náà lé, kì í ṣe ojú. Abẹ́ rẹ̀ ni oníjó ti ń gba inú aṣọ fẹ́lẹ́ ríran. Òǹwòran ń wo ojú òkè; ojú oníjó wà nísàlẹ̀, ó ń wo ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe. Mo ká páálí sí ọ̀pá róbótó méjì, mo fi àkísà dúdú dí ẹnu wọn, mo sì fi abẹ́rẹ́ àti òwú nínípọn rán wọn mọ́ òkè fésìkáàpù ọmọ náà. Gbogbo rẹ̀ kò wúwo ju ẹyin adìẹ mélòó kan lọ, ojú ọmọ sì wà ní gbangba.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe kọ́ àyà rẹ̀. Mo mú téèpù ìwọnṣọ. Èjìká ọmọ náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30. Mo fi sẹ̀ǹtímítà 6 kún un lọ́tùn-ún, mo fi 6 kún un lósì, ó di 42, kí páálí má baà fara kan ara. Láti èjìká dé ìbẹ̀rẹ̀ itan jẹ́ 40. Mo gé gíga páálí sí 36, kí ó lè jókòó, kí ó sì lè gun àtẹ̀gùn. Páálí tí wọ́n fi kó máíkírówéèfù ni ó súnmọ́ ìwọ̀n yìí jù lọ, ẹni tí ó ń tà wọ́n sì fi í ta mí lọ́rẹ. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ páálí dáadáa, ẹ ó rí bébà kan tí ó ká kọ́rọkọ̀rọ láàárín méjì tí ó tẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí àwọn ihò inú rẹ̀ dúró lóòró, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó ń le. Bí ẹ bá fẹ́ ṣẹ́ ẹ, ẹ kọ́kọ́ fi ìdí ṣíbí fa ilà tó jinlẹ̀ sí i, yóò sì ṣẹ́ gẹ́rẹ́ láìfàya.

Mo gé ìsàlẹ̀ páálí náà kúrò pátápátá. Mo gé òkè rẹ̀ pẹ̀lú, mo fi etí tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4 sílẹ̀ yíká kí ó má baà wó. Ìdí rẹ̀ nìyí: afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa gòkè. Bí ara ọmọ bá ti ń mú un gbóná, ọ̀nà òkè ni yóò gbà jáde, èyí tí ó tutù yóò sì gba ìsàlẹ̀ wọlé, bí ó ti rí ní ilé ìdáná tí ó ní ihò èéfín. Mo gé ihò apá tóbi ju bí ó ti yẹ lọ. Mo fi àwẹ́kù ìró rán okùn èjìká méjì tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, mo fi tówẹ́ẹ̀lì àtijọ́ sí inú wọn, mo sì jẹ́ kí wọ́n gba ara wọn kọjá ní ẹ̀yìn. Àlẹ̀mọ́ irú èyí tí ó máa ń wà lára bàtà ọmọdé ni mo fi dè wọ́n, kí ọmọ lè já a fúnra rẹ̀.

Àyà WALL-E a máa ṣí. Mo gé ilẹ̀kùn kékeré sí iwájú páálí, mo sì rán àpò aṣọ kan sí ẹ̀yìn rẹ̀. Níbi tí ẹ̀rọ inú fíìmù ń kó ìdọ̀tí sí, ibẹ̀ ni a fi ike omi ìdajì lítà sí. Ẹsẹ̀ onígun mẹ́ta tí ó fi ń yí lórí ilẹ̀, páálí pẹlẹbẹ méjì ni mo fi ṣe é. Mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí, wọn kò sì kọjá orúnkún. Ọwọ́ oníka mẹ́ta rẹ̀, ọrùn ọwọ́ ni mo so ó mọ́, kí ìka ọmọ lè di ike omi àti ohunkóhun mú.

Ẹ̀kọ láfún tí ó ki dáadáa, irú èyí tí àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ mọ̀ dunjú, ni mo fi lẹ bébà bo ojú ìran páálí. Kò wọ́n, kò sì ní òórùn tí ń rùn sínú imú bí ti gọ́ọ̀mù inú agolo. Ẹ sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ pátápátá kí ẹ tó lẹ òmíràn lé e, kí ó má baà bu. Ọ̀dà olómi tí a fi ń kun ògiri inú ilé, aláwọ̀ ìyeyè, ni mo fi kùn ún. Mo sì fi kànìnkànìn gbígbẹ tí mo tẹ̀ bọ ọ̀dà àwọ̀ ilẹ̀ nù ún níbi díẹ̀díẹ̀, kí ó lè jọ irin tí ó ti dógùn-ún. Ìta ni mo ti kùn ún, nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́rin, kí òórùn ọ̀dà lè lọ.

Nígbà tí a parí, mo gbé e lé òṣùwọ̀n. Kò tó kìlógíráàmù kan àti ààbọ̀ láìka omi mọ́ ọn. Ìmọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń gbà wá nípa àpò ìwé ọmọ ni pé kí ó má ju ìdá 10 sí 15 nínú 100 ìwúwo ara ọmọ lọ. Kìlógíráàmù 23 ni ọmọ mi. Mo fi 2 ṣe òpin, omi pẹ̀lú. Síńgílẹ́ẹ̀tì òwú àti ṣòkòtò penpe ni ó wọ̀ sí abẹ́ rẹ̀, kò sí ọ̀rá kankan.

Ní ọjọ́ kan ṣáájú, a dán an wò ní àgbàlá. Ó gun àtẹ̀gùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba ẹnu ilẹ̀kùn kọjá, ó jókòó sórí àpótí. Mo ju owó kọ́bọ̀ àtijọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí i. Mo ní, “Ìtọ̀ gbọ̀n ọ́!” Ó já okùn, àpótí ti wà nílẹ̀ kí n tó ka ẹẹ́fà. Mo fi fóònù ya gbogbo rẹ̀ sí àwòrán, mo fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ohun tí ó sọ kò ju pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí ó lọ.”

Mo ti kọ̀wé sí olùkọ́ láti bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n yí pápá po ní òwúrọ̀ kùtù, ó sì gbà, nítorí gbogbo ọmọ ni yóò ṣe láǹfààní. Ọmọ mi gbé bàtà àtijọ́ kan tí a gbin tẹ̀tẹ̀ sí dání. Nígbà tí ó dé abẹ́ igi, ó ṣí àyà rẹ̀, ó yọ ike, ó mu omi. Ọmọkùnrin kan kígbe pé, “Ẹ wò ó, WALL-E ń mu epo!” Láti ìgbà náà, nígbàkúùgbà tí ó bá ṣí àyà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a sáré wá wòran. Omi tí ó máa ń mu ní kọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí ìtìjú, ó wá ń mu ún níwájú gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, ó bọ́ àpótí náà, ó gbé e ti ògiri, ó sì ń bá ìdùnnú rẹ̀ lọ pẹ̀lú ojú méjì tí ó wà lórí fìlà rẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù tò, wọ́n ń gbé àpótí náà wọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ náà lọ ní ìrọ̀rùn, alẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. N kò wá sọ fún yín pé páálí ń wo SS. Ní oṣù keje, nígbà tí òtútù òjò dé, ìrora kọlu ọmọ náà, a sì lo ọjọ́ mẹ́ta ní ilé ìwòsàn. Bí ìgbésí ayé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ti rí nìyẹn, dókítà àti oògùn rẹ̀ ni kí ẹ sì gbẹ́kẹ̀ lé. Ohun tí mo lè sọ ni pé ní orí ibùsùn yẹn, ìtàn WALL-E ni ó ń sọ fún nọ́ọ̀sì, kò sì tún béèrè ìbéèrè tí ó bi mí nígbà tí a ń ṣa ẹ̀wà.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, bóyá ara ọmọ tiyín le bí òkúta. Ìbéèrè mẹ́rin yẹn kan òun náà, nítorí ooru kì í béèrè irú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rá tàbí bébà dídán bo ọmọ sún mọ́ iná, ìbáà jẹ́ àbẹ́là orí àkàrà òyìnbó. Ẹ má so ohunkóhun mọ́ ọn lọ́rùn tí kò lè já kíákíá bí ó bá kọ́ nǹkan. Bí ìránṣọ bá sì rọ̀ yín lọ́rùn ju páálí lọ, ẹ wo Iwájú, kàtúùnù tí Disney àti Kugali jọ gbé jáde ní 2024, tí ìtàn rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Èkó ọjọ́ iwájú. Àwọn ọmọ inú rẹ̀ ń wọ aṣọ tí ẹ lè fi òwú fẹ́lẹ́ rán nínú ilé yín.

Nígbà tí ìwé olùkọ́ bá dé ọwọ́ yín, ẹ má tíì sáré lọ sí ọjà. Ẹ pe ọmọ jókòó, ẹ béèrè ohun tí ó wù ú, ẹ mú téèpù, kí ẹ sì wọn èjìká rẹ̀. Ire ni a ó máa fi ọjọ́ àwọn ọmọ wa ṣe o.